Ọmọláǹgidi, ààlè àti abẹ́rẹ́: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí ní Àríwá

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e síbí, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Wọ́n rí ọmọláǹgidi kan lábẹ́ àtẹ̀gùn nínú ọgbà tí à ń gbé. Mo gbé e lọ́wọ́, mo sì wò ó dáadáa. Pòròpórò ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n wé àjákù àǹkárá mọ́ ọn, wọ́n sì fi òwú dúdú di ọrùn àti ìbàdí rẹ̀. Irun wà lórí rẹ̀, píìnì méjì sì wà láyà rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kankan tí ẹnìkan fi figbe ta: "Irun ìyàwó mi nìyí!" Oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára ìyàwó rẹ̀ ni, ìbànújẹ́ ṣì ń dà á láàmú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi nàka sí màmá àgbà kan tó ń dá gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Kí ni màmá ṣe? Oorun kì í kùn ún lóru, kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọbẹ̀ tó ń sè lọ́wọ́ dà sórí iyanrìn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọbìnrin mègáàdì wa ń sunkún kiri, ó ń wá ọmọláǹgidi tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onídìrí ló ti ṣa irun náà, attachment ni. Píìnì yẹn ló fi so aṣọ ọmọláǹgidi rẹ̀ láyà kó má baà tú. Màmá ti wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Mo ti bẹ onílé kó pè é padà, kò tíì dáhùn.

Akọ̀wé Kóòtù, Nyanya

Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́wọ́ onílé nìkan. Nínú òfin Penal Code tí à ń lò ní Abuja àti Àríwá, ẹni tó bá pe ẹlòmíì ní àjẹ́, tàbí tó fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, ti lufin. Ẹni tó bá sọ pé òun fúnra òun ní agbára àjẹ́ náà ti lufin. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹrù tó bàjẹ́. Tí owó agbẹjọ́rò bá ṣòro, kí ọmọ màmá kọ́kọ́ béèrè ní Legal Aid Council, aláìní ni wọ́n wà fún.

Bàbá Àgbẹ̀, Gwagwalada

Mo kí gbogbo yín. Tèmi yàtọ̀, nítorí èmi ni mo gbé nǹkan kọ́.

Àwọn kan ń wu iṣu mi lóko ní òru. Mo pa ààlè: mo so ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà oko. Ẹni tó bá gbọ́ èdè ààlè ti mọ ohun tí mò ń wí: bí wọ́n ṣe jẹ ọkà tán lára ṣùkù, bẹ́ẹ̀ ni ire yóò ṣe tán lára olè, bí ìkarahun ṣe ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ yóò ṣe ṣófo. Gbangba ni a ń gbé ààlè sí, torí ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Gbagyi rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Àlejò kan láti ìgboro ló ya fọ́tò rẹ̀, tó ń fi hàn kiri pé mo fẹ́ pa èèyàn. Wọn ò sì wu iṣu mi mọ́ lọ́dún náà.

Ọmọ Ọ̀fà, Sabon Gari, Kano

Ère ìbejì ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nílé tiwa. Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ìyàwó mi ń gbé. Ó bí ìbejì nígbà èwe rẹ̀, Kẹ́hìndé kú, wọ́n sì gbẹ́ ère fún un. Láti ìgbà náà ni màmá ti ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á lára, tó ń fún un ní ẹ̀wà. Tí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé imú àti ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, ọwọ́ ìyá ló pa wọ́n rẹ́.

Aládùúgbò wa pe wòlíì kan wá ṣàdúrà sílé. Wòlíì yọjú sí yàrá màmá, ó rí ère lórí àpótí, ó ní ère yẹn ni màmá fi de ọmọ aládùúgbò mọ́lẹ̀ tí kò fi ríṣẹ́, kí wọ́n wá epo bẹntiróò wá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ẹni tó bá máa sun ún yóò kọ́kọ́ gba ara mi kọjá. Màmá jókòó lẹ́yìn mi, ó gbé ère náà sáyà, ó ń gbọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó kú ni ère ìbejì, wọ́n ń kẹ́ ẹ kí èyí tó kù lè dúró ni. Ère tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ibi nílẹ̀ wa ni ṣìgìdì, amọ̀ sì ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Òun náà làwọn àgbà sọ pé ó fẹ́ ṣe ìdárayá tó ní kí wọ́n gbé òun sójò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kó bi àgbàlagbà léèrè kó tó wá epo.

Tíṣà, Zaria

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sọ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni gígún ọmọláǹgidi lábẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí. Ère amọ̀ obìnrin kan láti Íjíbítì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris. Abẹ́rẹ́ 13 ni wọ́n gún un, wọ́n sì fi í pa mọ́ pẹ̀lú òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ọfọ̀ ìfẹ́ sí. Ó ti lé ní 1,600 ọdún. Àwọn ará England ní tiwọn, poppet ni wọ́n ń pè é: aṣọ, ìda tàbí amọ̀, tí wọ́n á ki irun tàbí èékánná ẹni tí wọ́n ń lé sínú rẹ̀. James Frazer, òyìnbó kan, ṣàlàyé rẹ̀ pé èrò méjì ló wà nídìí irú idán bẹ́ẹ̀: pé ohun tó jọra ń ran ara wọn, àti pé ohun tó ti fara kan èèyàn rí kò já kúrò lára rẹ̀. Ṣùkù Bàbá Àgbẹ̀ wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, irun inú poppet wà lábẹ́ ti èkejì.

Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ náà rántí jù ni ọ̀rọ̀ Bridget Bishop, obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní Salem, Amẹ́ríkà, ní 1692. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wó ògiri àjà ilẹ̀ ilé kan tó gbé rí jẹ́rìí pé àwọn bá poppet mélòó kan níbẹ̀, àkísà àti irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, píìnì tí kò lórí sì wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun rí obìnrin náà níbi tó ti ń ṣe wọ́n. Wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú èèyàn 19 tí wọ́n yẹgi fún nínú ẹjọ́ àjẹ́ Salem.

Àbíkẹ́, Jos

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi, èmi gbà pé ọmọ aráyé burú. Wọ́n rí ọmọláǹgidi tí wọ́n fi ìda ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ní egbò tó kọ̀ tí kò jiná. Orí gbogbo wa wú. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ọkọ rẹ̀ yarí, ó ní ọsibítù ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀, kò sì mọ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, wọ́n rí ẹsẹ̀ dá sí.

Mi ò lè sọ pé ẹni tó ṣe ọmọláǹgidi yẹn fẹ́ wa fún ire. Àmọ́ àwa ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí a ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo oògùn rẹ̀, ó ń gbàdúrà, ó sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàtà tó máa gba ẹsẹ̀ náà láìpa á lára là ń wá báyìí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Jos tàbí Bukuru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe fún mi.