Ìgbèjà ni àbí ìjíhìn? Lórí orúkọ tí a ó máa pe iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́

Láti Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí àwa tí a ń fi Yorùbá kọ́ni lápá ọ̀dọ̀ wa yìí fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún iṣẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí á pe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní àpilẹ̀kọ, kí á pe ojú ìwé kan ṣoṣo tó ń ṣáájú rẹ̀ (abstract) ní àsamọ̀, kí á sì pe ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ ní ìgbèjà. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Méjì tó kù, n kò gbà wọ́n rárá, nítorí orúkọ tí a bá sọ iṣẹ́ lọ́mọdé ń gbọ́, òun náà ló sì máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpilẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ délẹ̀: ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pilẹ̀, tó sì kọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn oníwèé ìròyìn ti gbà á lò. Lónìí, ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn, àpilẹ̀kọ ni. Bébà tí a kà ní àpérò, àpilẹ̀kọ ni. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé náà, àpilẹ̀kọ ni. Ẹ wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin lọ kọ ọ́, àròkọ gígùn ni yóò gbé wá, tí kò ní ìbéèrè kankan tó ń wá ìdáhùn sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á so àṣekágbá mọ́ ọn: àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Àṣekágbá nìkan kò tó, nítorí àwọn elérè bọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹnìkan béèrè pé kí ni ọmọ tí kò tíì gba oyè B.A. pilẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn Bùnú, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Yorùbá Okun, ń lò níbi ìsìnkú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá dá a mọ̀ fún ayé. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ bá àgbà mẹ́ta, tó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣi aṣọ náà àti ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó yẹ kó gbà á, dátà yẹn kò sí níbì kankan kó tó débẹ̀. Ilẹ̀ ni a ní kó pa, a kò ní kó kọ́lé parí.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ohùn wákàtí kan máa ń gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó bá jẹ́ ẹ̀ka-èdè, tí a sì gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní. Ti òkè ni bí àgbà ṣe sọ ọ́ lẹ́nu Bùnú, láìtún un ṣe. Ti àárín ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ara rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò lọ sí ìlà ìsàlẹ̀ tààrà, wọ́n á sì pa ohùn inú fóònù rẹ́ kí àyè lè gbà wọ́n. Tó bá di pé olùyẹ̀wò láti ìta ní òun fẹ́ rí Bùnú nínú iṣẹ́ tí orúkọ Bùnú wà lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan láti fi hàn án.

Ó wá kan àsamọ̀. Lórí rédíò, òwe tí wọ́n fi ń ṣínà ọ̀rọ̀ ni: "Àsamọ̀ yìí ló ṣe rẹ́gí pẹ̀lú…" Kò yà mí lẹ́nu pé òwe ni àwọn ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé náà, tí wọ́n sì ń fi ìdúpẹ́ parí rẹ̀. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ 250 lọ: kí ni ìṣòro, báwo ni a ṣe ṣèwádìí, lẹ́nu ènìyàn mélòó, kí ni a rí, kí ni ó já sí. A kì í tọ́ka sí ìwé níbẹ̀, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni a sì ń kọ ọ́. Ìsọníṣókí ni mo dábàá.

Ní ti ìgbèjà, ẹni tí wọ́n ń bá jà là ń gbèjà. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á di àmùrè wá. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò fi ju ènìyàn mẹ́ta lọ, yóò máa jiyàn, nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo tó yẹ ni kó sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́, tó bá dé, ó máa ń jíhìn ni. Ìjíhìn ni kí á pè é.

Èsì láti Ìsánlú

Okun, ẹ̀gbọ́n. Mo wà lẹ́yìn yín lórí ìjíhìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí àwọn kan á kọ́kọ́ gbọ́ owó àjọ tó sọnù nínú rẹ̀. Bí a bá ń pè é ní ìjíhìn àpilẹ̀kọ, ìyẹn á tán.

Ìsọníṣókí ni n kò lè gbà. Ìṣe ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ń sọ. Ohun tí ìṣe náà bí, à- ló ń sọ ọ́. Ìkójọ ni iṣẹ́ kíkó, àkójọ ni ohun tí a kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfikún àti àfikún tó ń wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ̀yin náà kò kúkú pe iṣẹ́ yìí ní ìpilẹ̀kọ. Nítorí náà, àsọníṣókí ló yẹ kó wà lókè ojú ìwé yẹn. Òfin kan náà ló gbe ìjíhìn, nítorí ìṣe ọjọ́ kan ni, kì í ṣe ohun tí a ń dì mọ́ ìwé.

Èyí tí a bá fẹnu kò lé lórí, èèpo ìwé àti ojú ìwé ẹ̀rí tí olùkọ́ ń fọwọ́ sí ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa títẹ̀ àti dídì ìwé wọn. Kí wọ́n fi ínṣì kan ààbọ̀ sílẹ̀ lápá òsì, nítorí adìwé máa ń jẹ níbẹ̀. Kí wọ́n má sì gbé fáìlì Word lọ sí ṣọ́ọ̀bù títẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè má ní fọ́ǹtì wọn, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ tó lámì á di àpótí òfìfo. PDF ni kí wọ́n gbé lọ, kí wọ́n sì wo ojú ìwé àkọ́kọ́ dáadáa kí wọ́n tó ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà mẹ́ta.