Lórí orúkọ PFO ní èdè Yorùbá: ìdí tí "àwùjẹ̀ ọkàn" fi yẹ ju "ọkàn lílu" lọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Orúkọ mẹ́ta ni a ti dábàá fún ohun tí àwọn dókítà ń pè ní patent foramen ovale, tí wọ́n ń gé kúrú sí PFO: "ihò ẹlẹ́yin", "ilẹ̀kùn ọkàn" àti "ọkàn lílu". Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ fẹ́ fọwọ́ sí. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a dúró ná, nítorí orúkọ tí a bá yàn ni aláìsàn yóò gbé délé tí yóò sì sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ọmọ inú oyún kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Láti ara ibi ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn ti ń gba inú ìwọ́ wọ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yìí bá dé ìyẹ̀wù òkè apá ọ̀tún ọkàn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í yà sí ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí kò ṣe pé ó ń gba ojú kan lára ògiri àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní foramen ovale, kọjá sí ìyẹ̀wù òkè apá òsì. Awẹ́ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ojú náà láti apá òsì, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, kì í sì í jẹ́ kí ó padà. Bí ọmọ bá ti dáyé, tí ó ké, tí afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, agbára ẹ̀jẹ̀ apá òsì yóò ju ti apá ọ̀tún lọ, yóò sì ti awẹ́ náà mọ́ ògiri. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn méjèèjì yóò lẹ̀ mọ́ra pátápátá kí nǹkan bí ọdún kan tó pé. Lára nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin, wọn kì í lẹ̀ tán. Ìyẹn ni PFO.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba "ọkàn lílu". Kò sí ohun tó lu ọkàn náà. Ojú ọ̀nà tí gbogbo wa ní nínú oyún ni. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí ẹran ògiri ọkàn rẹ̀ kò pé, tí ihò gidi sì wà níbẹ̀. Fún ìyẹn, "ihò ògiri ọkàn" tọ́, kò sì yẹ kí a da méjèèjì pọ̀, nítorí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun kejì ni àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, "ọkàn lílu" àti "ọkàn lílù" yóò sì wá rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni lílù ni iṣẹ́ ọkàn. Ní ti "ilẹ̀kùn ọkàn", ẹni tó bá mọ̀ nípa ọkàn yóò rò ó sí àwọn ilẹ̀kùn mẹ́rin inú ọkàn tí ń ṣí tí ń sé ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. "Ihò ẹlẹ́yin" ń tẹ̀lé èdè Látìn, tó ń sọ pé ojú náà rí bí ẹyin, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò kọ́ aláìsàn ní nǹkan kan. Kí a má sì gbàgbé pé ohun tí "patent" túmọ̀ sí níbí ni pé ojú náà ṣí sílẹ̀. Kò kan ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùṣẹ̀dá.

Àbá tèmi ni "àwùjẹ̀ ọkàn". Gbogbo ìyá ló mọ àwùjẹ̀ orí ìkókó: ó ṣí nígbà ìbí, ó nídìí tó fi ṣí, ó sì ń sé bí ọmọ ti ń dàgbà. Bí a bá pe foramen ovale ní àwùjẹ̀ ọkàn, PFO yóò di "àwùjẹ̀ ọkàn ṣíṣí", a ó sì ní orúkọ fún ohun tí gbogbo ọmọ ní àti fún ohun tó kù lára díẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé orí nìkan ló ni àwùjẹ̀. Èdè wa kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí: a ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, a ní ọmọ ojú, a ní orí ọmú. Kí a má fi "àrùn" tàbí "àléébù" ṣáájú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in yóò gbó, yóò tọ́, láìmọ̀ pé ó wà lára òun.

Ìgbà tí ó máa ń di ọ̀ràn ni ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan ẹsẹ̀, tí ìdì náà gòkè, tí ó gba ojú yìí bọ́ sí apá òsì, tí ó sì lọ dí iṣan ọpọlọ, tí rọpárọsẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Julius Cohnheim, oníṣègùn ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1877. Ẹ̀dọ̀fóró ni ìbá sẹ́ ìdì náà dúró, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀bùrú. Mo dábàá "ìdì agbẹ̀bùrú" fún un.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò gba ìṣọ́ra púpọ̀. Wọn a po omi oníyọ̀ pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ títí yóò fi yọ ìfòfó, wọn a fà á sínú iṣan apá, wọn a sì fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán wo ọkàn láti orí àyà tàbí láti inú ọ̀nà ọ̀fun, nígbà tí aláìsàn ń di èémí sínú tí ó sì ń tẹ ikùn bí ẹni tí ìgbẹ́ há. Bí ìfòfó bá yọ ní apá òsì kí ọkàn tó lù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lẹ́yìn tí ó ti dé apá ọ̀tún, àwùjẹ̀ ọkàn ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Mo rí "àyẹ̀wò omi híhó" nínú àwọn àbá yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó: omi híhó ni omi gbígbóná orí iná, ta ni yóò sì gbà kí a fa ìyẹn sí òun lára? "Àyẹ̀wò ìfòfó" dára jù.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ẹni tí kò ní ìyọnu kankan kò nílò ju àlàyé lọ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 18 sí 60, tí a ti wá okùnfà mìíràn tì, ni a sábà máa ń bá sọ̀rọ̀ ìdérí, ìyẹn ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń dé ojú náà. Ìwádìí mẹ́ta tó jáde ní 2017, tí orúkọ wọn ń jẹ́ RESPECT, REDUCE àti CLOSE, fi hàn pé ó ń dín bí rọpárọsẹ̀ ṣe ń padà kọlu irú wọn kù. Iṣan ìpìlẹ̀ itan ni wọ́n ń gbé ìdérí náà gbà, wọn kì í la àyà, nítorí náà "iṣẹ́ abẹ ọkàn" kò bá a mu. Àdàlù nickel àti titanium ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìdérí yìí, ó sì yẹ kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ nickel sọ fún dókítà. Ọkàn ẹlòmíràn lè lù ségesège fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aláìsàn yóò sì máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Àwọn kan kọ "wíwo àwùjẹ̀ ọkàn sàn" fún iṣẹ́ yìí. "Dídé àwùjẹ̀ ọkàn" ni mo fara mọ́, nítorí ìdérí náà yóò wà níbẹ̀ títí ayé, ẹran ara yóò sì hù bò ó láàárín oṣù mélòó kan.