Kámẹ́rà tí mo gbé mì: ẹ wá sọ ìrírí tiyín lórí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ń bèèrè nípa kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé mì yìí, England níbí ni mo ti ṣe tèmi, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ.

Mo ń rí ẹ̀jẹ̀ tí mo bá yàgbẹ́. Àǹtí mi kan pè láti Ìjẹ̀bú, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n yéé jẹ nǹkan dídùn, àwọn á fi àgbo ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì gba ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, lọ, torí jẹ̀díjẹ̀dí lè mú ẹ̀jẹ̀ wá lóòótọ́, jẹjẹrẹ náà lè mú un wá, ojú lásán ò sì lè mọ èwo ni. Wọ́n ní kí n mú ìgbẹ́ díẹ̀ wá fún àyẹ̀wò FIT, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà tó jáde ò fi bẹ́ẹ̀ ga, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí n gbé kámẹ́rà mì dípò kí wọ́n ti rọ́bà gígùn tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ní kí n po oògùn kan sómi, bí mo ṣe ń mu ún ni mo ń sáré lọ tọ́yílẹ́ẹ̀tì, àfi kí inú mọ́ pátá, torí rọ́bà lè fọ ibi tó dọ̀tí kó tó wò ó, kápúsù, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé mì yẹn, ò lè fọ nǹkan kan, ohun tó bá bá lọ́nà ló máa yà. Gígùn ẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kámẹ́rà wà ní orí méjèèjì. Nọ́ọ̀sì de bẹ́líìtì tó ń gba fọ́tò mọ́ mi nídìí, mo fomi gbé e mì, ó di ilé. Tó bá ń yára rìn, ó lè ya fọ́tò 35 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan!

Ẹ wá ro iye fọ́tò tíyẹn máa jẹ́, ta ló máa wo gbogbo ẹ̀ tójú ò ní rẹ̀ ẹ́? Ibẹ̀ ni AI, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ láti dá nǹkan mọ̀, ti wọlé, ọsibítù tí mo lọ wà lára ibi tí wọ́n ti ń dán an wò. Fọ́tò táwọn dókítà ti sàmì sí ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó wá ń ṣa èyí tó fu ú lára jáde, dókítà á tún wò ó fínnífínní kó tó sọ̀rọ̀.

Pólíìpù ni wọ́n rí, ẹran kékeré tó hù sára ìfun. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ òmíràn nínú ẹ̀ máa ń dà á tó bá pẹ́ lára. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ gan-an nìyí o, kápúsù ò lè gé nǹkan kan. Wọ́n ṣì padà ti rọ́bà gba ìdí mi kí wọ́n tó gé e. Tí wọ́n bá pè yín padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Ìyá Tòbí: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Rọ́bà ni wọ́n lò fún èmi tààrà, mo ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, tí AI bá ti rí nǹkan, ìlà aláwọ̀ ewé á yí ibẹ̀ ká, dókítà á dúró. Lẹ́ẹ̀kan ìdọ̀tí lásán ni. Èkejì, pólíìpù pẹlẹbẹ tó jọ ara ìfun gan-an ni, mi ò bá má rí i láé, wọ́n gé e lójú ẹsẹ̀.

Láyí Ìbàdàn: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i ṣe, ẹ dúpẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí la pe ti bàbá mi títí jẹjẹrẹ fi ràn dé ẹ̀dọ̀. Kápúsù ṣòro rí ní Nàìjíríà níbí, àmọ́ rọ́bà wà, àwọn dókítà OAUTHC, ọsibítù yunifásítì n'Ífẹ̀, tiẹ̀ ń bá Memorial Sloan Kettering, ọsibítù jẹjẹrẹ ti New York, ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ìfun yìí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kápúsù yẹn kì í há sínú èèyàn?

Láyí, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó lè há tí ìfun bá ti fún níbì kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn dáadáa kí wọ́n tó fún un. Tèmi jáde fúnra ẹ̀, wọn kì í gbà á padà, ẹ fomi ṣàn án lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín wọnú ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, kó tó jáde o.