Lẹ́tà lọ́yà Bíṣọ́ọ̀bù dé lánàá, ìyàwó mi ní kí n jù ú nù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè (ó ní kí a bo orúkọ òun)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Admin, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bo orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá gba èébú níbí, èyí tí mo jẹ nílé ti tó mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Fádà kan ní ìjọ Àgùdà tí à ń lọ bá mi ṣe ohun tí àgbàlagbà kì í bá ọmọ ṣe. Ó tó ọdún méjì. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún yìí mo kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù, ojú ewé mẹ́rin, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ò fèsì. Lọ́yà ló fèsì, ìpínrọ̀ mẹ́ta péré. Wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ mi, "Sir" lásán ni. Wọ́n ní àsìkò ti kọjá.

Ti ilé ló wá dùn mí jù. Ìyàwó mi ka lẹ́tà náà tán, ó ní kí n jù ú sí bíìnì, pé ọmọ wa obìnrin fẹ́ ṣe kọnfamáṣọ̀n, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún fi tirẹ̀ kún un. Màmá wa máa pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù Kejìlá. Wọ́n ti mú aṣọ ẹbí, léèsì àwọ̀ ọsàn tí ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́, £180 fún yáàdì márùn-ún, mo sì ti sanwó. Kàtídírà ní Ìbàdàn ni ìdúpẹ́. Wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin ni màá gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ. Mo ní mi ò lè kúnlẹ̀ níwájú Fádà kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo lo tún ń hú jáde?" Ọ̀rọ̀ àtijọ́! Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé lóòótọ́ ni àsìkò ti kọjá?

Ìyá Ìbejì Maryland
Ẹ pẹ̀lẹ́, bùrọ̀dá mi. Àsìkò ò kọjá rárá! Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Maryland ti Amẹ́ríkà níbí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n mú gbèdéke ọdún kúrò pátápátá, bí èèyàn tiẹ̀ ti hewú lórí, ó lè pẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yára o. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀, dáyósíìsì Baltimore sáré lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Kóòtù wá ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ fi orúkọ sílẹ̀, ó parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2024. Ọkùnrin ará Haiti kan níbi iṣẹ́ mi ń rò ó, ó ń rò ó, títí ọjọ́ fi lọ. Àwo ìrẹsì wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ fún mi, kò lè jẹ ẹ́. Ẹ pe lọ́yà lónìí.

A-wí-fún-ni
Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ lọ sí Mirabel Centre ní Ìkẹjà, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ fi ẹjọ́ sùn ní DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá nínú ilé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ṣé ẹ ka ohun tó kọ ni? Ẹni tó fi pọ́n-ùn ra léèsì lẹ ní kó lọ sí Ìkẹjà. Mirabel dára, ẹ̀gbọ́n mi kan ti gbé ọmọ lọ síbẹ̀, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ná.

Lọ́yà Ọmọ Èkìtì
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé báyìí. Ibo ni? Ọdún wo? Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ẹ tún ní ìpínrọ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà náà. Ìkíní sọ ti àsìkò. Kí ni ìkejì sọ?

Olùbéèrè
England níbí ni. Wọ́n bí mi ní 1971. Bàbá mi ń kàwé akáǹtì, Màmá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi mí sínú ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World bí àwọn Yorùbá ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe, ìyá òyìnbó kan létí òkun sì gbà mí tọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé wọ́n fọmọ sílẹ̀. Wọn ò fi mí sílẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wọ rélùwéè wá, tàwọn ti ìrẹsì àti dòdò nínú kúlà. Àgùdà ni ìyá òyìnbó náà, àwa náà Àgùdà, inú Màmá mi dùn pé mo ń ran Fádà lọ́wọ́ ní pẹpẹ. 1981 sí 1983. Lẹ́yìn náà Bàbá mi kó mi lọ sí Ìbàdàn. Mo padà wá ní 1998.

Ọmọ Hastings
Háà! Èmi náà rèé. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni mí tí wọ́n gbé mi lọ. Nígbà tí wọ́n wá mú mi ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mi ò gbọ́ Yorùbá kan, mo pe ìyá mi ní "Mrs" níwájú àwọn ẹbí, ó sì fi pọ̀npọ́ lù mí. Ẹni tó tọ́ mi dára, ká sòótọ́. Mo ṣì máa ń lọ sí ibojì rẹ̀. Bùrọ̀dá, mo gbá yín mọ́ra.

Ìtẹ̀síwájú Nínú Ẹ̀mí
Ọlọ́run ń lo èyí láti pè yín jáde ni. Ẹ kúrò nínú Àgùdà. Ìjọ tí kì í jẹ́ kí Fádà láya, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Àgùdà Ni Mí
Ẹ rọra. Ojú ń tì mí ju ẹ̀yin lọ. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba England gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní oṣù Kọkànlá 2020 pé láti 1970 sí 2015, ẹ̀sùn tó ju 900 ló dé ọ̀dọ̀ ìjọ wa, lórí èèyàn tó ju 900. Mo ka ìwé náà, mi ò sùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ti Ańgílíkà ni ìgbìmọ̀ kan náà gbé jáde, àwọn yẹn sì ń fẹ́yàwó. Kí ló mú kí Justin Welby, olórí ìjọ Ańgílíkà, kéde ní 2024 pé òun ń fi àga Canterbury sílẹ̀? Ẹ má fi ọgbẹ́ ọlọ́gbẹ́ polongo ìjọ.

Ìtẹ̀síwájú Nínú Ẹ̀mí
Mi ò polongo. Òtítọ́ ni mo sọ.

Ọmọ Glasgow
Scotland ti mú gbèdéke yìí kúrò láti 2017. Ẹ̀yin ará England ń sùn.

Lọ́yà Ọmọ Èkìtì
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí nǹkan méjì ló dàpọ̀ níbí.

Ọ̀kan ni ẹjọ́ ọlọ́pàá. Fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, kò sí gbèdéke ọdún ní England. Òfin 1956 tó wà nígbà náà ni wọ́n máa fi ṣẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe é lónìí. Látìgbà tí ẹ bá ti fẹjọ́ sùn, ìwé ìròyìn ò gbọdọ̀ fi orúkọ yín hàn, títí ẹ fi máa kú. Kí ìyàwó yín gbọ́ ìyẹn.

Èkejì ni ẹjọ́ owó gbà-má-bínú. Òfin 1980 fún èèyàn ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó bá pé méjìdínlógún, ìyẹn ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ohun tí lọ́yà wọn ń pè ní "àsìkò ti kọjá" nìyẹn. A-wí-fún-ni, òwe yín dára, àmọ́ ní kóòtù yìí wọ́n máa ń ka ogún ọdún náà. Síbẹ̀, adájọ́ ní agbára láti yọ̀ǹda gbèdéke yẹn bó bá rí i pé ìgbẹ́jọ́ ṣì lè lọ dáadáa, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2008 pé agbára náà kan irú ẹjọ́ yìí. Ní oṣù Kejì 2025, ìjọba kéde pé àwọn máa mú ọdún mẹ́ta náà kúrò. Lọ́yà tó bá kọ "àsìkò ti kọjá" tó sì dákẹ́ síbẹ̀ ò sọ gbogbo òtítọ́.

Ẹ̀rí ńkọ́? Ẹ béèrè fáìlì yín lọ́wọ́ káńsù ibẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni, nítorí wọ́n máa ń lọ wo àwọn ọmọ tí wọ́n fi tọ́. Ìwé kọnfamáṣọ̀n lè fi hàn pé ẹ wà ní ìjọ náà nígbà yẹn. Ẹ tún jọ̀ọ́, kí ni ìpínrọ̀ kejì sọ?

Olùbéèrè
Ẹ ṣé, Lọ́yà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn. Èmi, ọkùnrin dúdú tí irun orí ti funfun, kí n lọ jókòó níwájú ọmọdé òyìnbó kan kó máa bi mí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn mí? Màmá mi ò mọ̀. Ó ní àwòrán kọnfamáṣọ̀n mi nínú férémù ní pálọ̀ Ìbàdàn, Fádà náà gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Gbogbo àlejò ló máa ń fi hàn. Ẹ tiẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n mi, ó tún fi ẹni tó máa so gèlè ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láàárọ̀ yìí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Màmá Peckham
Ọmọ mi, mo lè bí ẹ, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìgbà méjì ni lọ́yà bi ẹ́ ní ìbéèrè kan náà, o fi gèlè dá a lóhùn. Kí ló wà nínú ìpínrọ̀ kejì?

Olùbéèrè
Ẹ má bínú, Mà.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2010 tí Póòpù Benedict wá sí ìlú yìí, mo ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo pe dáyósíìsì. Wọ́n pè mí wá, wọ́n fún mi ní tíì. Wọ́n ní Fádà kì í ṣe òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù lójú òfin, pé bí mo bá lọ sí kóòtù, òfo ni. Ní 2011 mo fọwọ́ síwèé, wọ́n fún mi ní £7,500. Mo fi san gbèsè rẹ́ǹtì. Ìpínrọ̀ kejì ní mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí.

Ìyàwó mi ò mọ̀ nípa owó náà. Inú lẹ́tà yẹn ló ti kà á.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Áà. Ẹ̀yin ló ní kọnfamáṣọ̀n ọmọ ló ń bí i nínú o.

Olùbéèrè
Ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Maryland
Ó ti gba owó, ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Lọ́yà Ọmọ Èkìtì
Kò tíì tán, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: ìwé yẹn wúwo. Ṣé ẹ ní lọ́yà tiyín lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i? Ohun tí wọ́n sọ fún yín nípa òṣìṣẹ́, ní oṣù Keje 2012 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Bíṣọ́ọ̀bù lè ru ẹ̀bi Fádà. Pé òfin yí padà lẹ́yìn yín nìkan kì í fa ìwé ya. Bí wọ́n bá fi irọ́ tàbí ìhàlẹ̀ gba ọwọ́ yín, ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ gbé ìwé náà gan-an lọ fún lọ́yà tó ń ṣe kìkì irú ẹjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó bí wọn ò bá jàre.

Ìwé kankan ò lè dí yín lọ́wọ́ láti lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ kò tà á fún wọn, kò ṣeé tà. Owó ìjọba fún ẹni tí wọ́n hùwà ọ̀daràn sí náà wà. Ẹni tí kò sọ ọ́ lọ́mọdé máa ń ní ọdún méjì láti ọjọ́ tó bá fẹjọ́ sùn ọlọ́pàá, wọ́n á sì yọ owó tí ẹ ti gbà kúrò nínú rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan. Ṣé Fádà tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ni, àbí ọ̀kan nínú àwọn tó ní ọ́dà tiwọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Fádà tí ọ̀gá wọn wà lọ́tọ̀? Bó bá jẹ́ ti ọ́dà, tí orúkọ wọn ò sì sí nínú ìwé 2011, ó lè jẹ́ pé ìwé náà ò kàn wọ́n. Àwọn yẹn máa ń kọ lẹ́tà A-B-D díẹ̀ sẹ́yìn orúkọ wọn, tó ń tọ́ka sí ọ́dà wọn.

Olùbéèrè
Dáyósíìsì nìkan ló wà nínú ìwé mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti lẹ́tà lẹ́yìn orúkọ, ó bu ọwọ́ lu ẹ̀yìn àwòrán yẹn. Èyí tó wà ní pálọ̀.

Màmá Peckham
Pe ìyá rẹ.

Olùbéèrè (ọjọ́ kejì)
Lọ́yà, mo ti rí yín nínú inbox, ọjọ́bọ̀ dára. Ìyàwó mi ní òun máa tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo ní kí Màmá yọ àwòrán náà nínú férémù, kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó yà á, ọmọ ọ̀dọ̀ bá a ṣe é. Lẹ́tà mẹ́ta wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Màmá wá béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo kọ ọ́ pé lọ́yà ni mo fẹ́ fi hàn, nítorí ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe sí mi.

Àmì búlúù méjì ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò tíì fèsì.