Ọkọ̀ mi tó ń gbóná: ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Ẹ rántí pé mo ní omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù nínú rediétọ̀ mi ń dín kù, tí abẹ́ ọkọ̀ sì gbẹ, títí ó fi gbóná tó sì kú lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, nítòsí Odógbolú. Ó ti yanjú.

Ara wọ́tà pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká, ló ti ń jò. Díẹ̀díẹ̀ ni, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń gbẹ ẹ́ kó tó kán sílẹ̀. Ìpẹ́pẹ́ funfun tó gbẹ mọ́ irin ni mẹkáníìkì fi dá a mọ̀. Nígbà tí omi tán, ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà (irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì) wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tó dí abẹ́ rẹ̀ jó, omi sì wọ inú ọ́ìlì. Ó funfun bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Ọ̀pọ̀ yín ní kí n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ bọ̀dá tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà náà kó tẹ́! Wọ́n fá a n'Íjẹ̀bú-Òde, wọ́n pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù àti ìdérí rediétọ̀.

Èyí tó dùn mí jù: abẹ́rẹ́ ìgbóná tó wà níwájú awakọ̀ ò gòkè rárá. Inú omi ni ohun tó ń wọn ooru ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá tán, abẹ́rẹ́ lè máa parọ́. Bí ọkọ̀ yín bá ń mu omi láìkán sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi atẹ́gùn dán rediétọ̀ wò, kí wọ́n lè rí ibi tó ń jò.

Kúláǹtì (èròjà tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) tí a pò mọ́ omi mímọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ náà ti dé Èkó, ó ti bọ̀, omi rẹ̀ kò sì dín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.