Adádúró yàtọ̀ sí adáwà, èrò sì yàtọ̀ sí àwùjọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀, ẹ sì kú iṣẹ́ èdè wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tọrọ ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì lọ́wọ́ wa. Eré tí Henrik Ibsen, ará Norway, kọ ní 1882 ló fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Dókítà kan ló rí i pé omi ìwẹ̀ tí ìlú gbójú lé fún owó ti ní májèlé nínú. Ó ní òun á sọ ọ́ síta, ni gbogbo ìlú bá sọ ọ́ di ọ̀tá. Kí ni ká pe ẹnì kan ṣoṣo tó kojú ọ̀pọ̀? Kí ni ká sì pe ọ̀pọ̀ náà? Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣàgámù dáhùn pé "adáwà" àti "àwùjọ" ti tó, ká má wulẹ̀ dá ara wa láàmú. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu, àmọ́ mi ò lè gbà.

Nílé wa, bí wọ́n bá ní lágbájá ń dá wà, àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Aya ti kú, àwọn ọmọ ti lọ, kò sẹ́ni tó máa bu omi fún un. Àdáwà máa ń dé bá ènìyàn ni. Dókítà inú eré yìí ní ilé, ó láya, ó lọ́mọ, àwọn ará ilé rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí eré fi parí. Bí a bá pè é ní adáwà, a ti pa irọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kejì tó tún máa ń yára wá sẹ́nu, "anìkànjọpọ́n", burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ahun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé òwe pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ibẹ̀ ni àwọn kan dúró sí tí wọ́n fi ń sọ pé èdè wa kò mọ ẹnì kan, ẹbí nìkan ló mọ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ, torí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé orí. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbejì tó jọ sùn nínú ikùn kan kì í pín orí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò fún ẹnì kan yìí, "individual", wá láti inú èdè Látìn, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni èyí tí kò ṣeé pín mọ́. Ọ̀nà yẹn kò lè gbà wá, nítorí lọ́dọ̀ tiwa ènìyàn ṣeé pín: ara wà, ẹ̀mí wà, orí wà. Ibi tí ènìyàn dúró sí la fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá. Mo lọ ra gàrí lọ́jà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ọyẹ́. Ìyá tó ń tà á ń wọn kóńgò kejì fún mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pariwo "Olè!" lẹ́yìn wa. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, wọ́n ní ó gbé fóònù. Kí n tó yíjú, èrò ti bò ó. Mo rí ọwọ́ tó mú òkúta, mo rí ẹni tó ń yí táyà bọ̀. Màmá yìí ju kóńgò sílẹ̀, ó fi èjìká la àárín wọn kọjá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ọmọ náà. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo orí ọmọ náà. Gàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ dìde níbẹ̀! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́n ni?" Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ, ọmọ alákàrà. Ìwọ, èmi ni mo gbé ọ pọ̀n lọ́jọ́ ìkómọ rẹ. Ìwọ, bàbá rẹ ń bọ̀ wá bi mí." Bó ṣe ń pè wọ́n ni ọwọ́ ń wálẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, aláàárù kan mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyá yìí dá dúró o."

Dá dúró. Ìyá yẹn ní ọmọ, ó wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà, ó ń dá àjọ. Kò dá wà níbì kankan láyé, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó dá dúró. Adádúró ni mo dìbò fún. Àwọn oníròyìn wa tilẹ̀ ti ń pe olùdíje tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ní aládàádúró, nítorí náà kò ní ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó sì gbẹ̀yìn lẹ́nu dókítà Ibsen náà ni pé ẹni tó dá dúró jù lọ ló lágbára jù lọ. "Dúró" ni òun náà lò lédè tirẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó ká mi lára jù. Bí a bá pe àwọn tó mú òkúta ní "àwùjọ", kí la máa pe ibi tí alága wà, tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń gbọ́? Ọmọ tó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì á gbà pé ẹni tó bá dá dúró ti di ọ̀tá ẹgbẹ́ àti ìlú. Èrò lọ̀rọ̀ náà. Èrò ọjà, èrò ọkọ̀. Ẹni tó wọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tó sọ̀ ní Ṣàgámù kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ fara kanra. Ẹnì kan lè ní á dàrú mọ́ èrò ọkàn. Kò lè dàrú. "Èrò pọ̀ lọ́jà" àti "èrò mi ni pé" ti jọ wà lẹ́nu wa tipẹ́, a ò sì ṣì wọ́n gbọ́ rí.

Ẹ wo àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, á tò wá síwájú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, aṣọ kan náà lọ́rùn ẹgbẹ́ kan, àmọ́ olúkúlùkù ló mọ bó ṣe rán tirẹ̀. Ní 2024, ọkùnrin kan gun ẹṣin wá láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù, fọ́tò rẹ̀ sì gba íntánẹ́ẹ̀tì kan. Inú gbogbo Ìjẹ̀bú dùn sí i. Ẹgbẹ́ tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kì í bẹ̀rù pé ó yọ.

Táì Ṣólàrín ti Ìkẹ́nnẹ́ ńkọ́? Ìbejì ni, òun ni Táíwò. Ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nílé ìwé, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ sì dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́. Onígbàgbọ́ lèmi, mi ò sì bá a lọ lórí ìyẹn. Síbẹ̀ àwọn tó ń bá a jiyàn kó ọmọ wọn wá fún un. Adádúró nìyẹn, àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì wà.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Àwọn tó dìbò pé dókítà yẹn jẹ́ ọ̀tá mọ̀ ọ́n lójú, wọ́n mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ará ìlú ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ gbọ̀ngàn ìpàdé. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti dèrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ òkúta sí fèrèsé ilé rẹ̀. A ti ń sọ pé ẹnì kan dèrò ẹ̀wọ̀n, pé ó dèrò ọ̀run. Mo fẹ́ ká pe èyí ní "ìdèrò". Ohun tí ìyá elégàrí fi orúkọ pípè tú ká nìyẹn.

Àbúrò, lo adádúró àti èrò ní kíláàsì rẹ, kó o sì kọ ohun tí àwọn ọmọ bá sọ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn àgbà Ṣàgámù léèrè bóyá ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ ti ní ọ̀rọ̀ kan fún ará ìlú tó dèrò. Bó bá wà, màá ju ìdèrò tèmi nù lọ́jọ́ náà gan-an.