Fọ́háàndì ń dá èjìká mi lóró: iṣan wo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá tẹ́nìsì. Tí mo bá ti gbá fọ́háàndì díẹ̀, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí mo fi di ráàkẹ́ẹ̀tì mú, iwájú èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí n máa gbé irin kí àyà mi lè le. Àyà ti yọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìrora ò sì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, iṣan àti oríkèé wo gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ yìí?

Kóòṣì: Àbúrò, ilẹ̀ ni agbára ti ń wá. Wo apẹja tó ń ju àwọ̀n: ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló kọ́kọ́ yí kí ọwọ́ tó tú u sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, yí èjìká sí ẹ̀gbẹ́, tẹ orúnkún, kí ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni wàá ti ti ilẹ̀: orúnkún á nà, ìbàdí á yí síwájú, àyà á tẹ̀lé e, apá ló máa dé kẹ́yìn. Ẹni tó dúró gbagidi tó ń fi apá nìkan gbá a, gbogbo iṣẹ́ itan ló dì lé èjìká lórí.

Físíò (oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé): Òótọ́ ni kóòṣì sọ. Iṣan iwájú itan ló ń na orúnkún, ti ìdí ló ń na ìbàdí, ti ẹ̀gbẹ́ ikùn ló ń yí àyà. Lẹ́yìn náà ni pectoralis major, iṣan ńlá àyà, àti iwájú deltoid, iṣan tó bo èjìká, á fa apá kọjá síwájú ara.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa nìyí: bọ́ọ̀lù ti lọ, apá ṣì ń sáré. Ta ló máa dá a dúró? Infraspinatus àti teres minor ni, iṣan kéékèèké méjì lẹ́yìn èjìká. Bí wọ́n ṣe ń nà lọ ni wọ́n ń di apá mú, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n gan-an. Tí ẹ bá ń gbé irin fún àyà ṣáá, ẹni tó ń fà á lágbára ju ẹni tó ń dá a dúró lọ, èjìká náà ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ so rọ́bà eré ìdárayá mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà, ẹ fa rọ́bà síta, kí ẹ sì rọra dá a padà. Ìdápadà yẹn gan-an ló jọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí kóòtù. Tí ìrora bá ń jí yín lóru, tàbí apá ò ṣeé gbé sókè, ẹ lọ rí dókítà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Ṣé kí n máa jù ú bí mo ṣe ń gbá a?

Físíò: Rárá o. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn bí ráàkẹ́ẹ̀tì ṣe ń bọ̀, kẹ́ ẹ dì í mú títí bọ́ọ̀lù á fi bà á. Ẹni tó ń jù ú ṣáá, inú ìgbọ̀nwọ́ ni ìrora ti máa ń yọ sí i.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan: Ẹ má kàn wo bí Nadal, gbajúgbajà agbátẹ́nìsì nì, ṣe máa ń fi ráàkẹ́ẹ̀tì yí orí ká nígbà tó ṣì ń gbá tẹ́nìsì o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Kóòṣì: Bẹ́ẹ̀ ni. Sinmi ná títí ríro yẹn á fi lọ. Tó o bá padà, ní kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí ọ jẹ́jẹ́, kó o máa bá a níwájú ara, kó má tíì dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Má tíì sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kankan.